Mo Mọ̀ Pé Kọ́bọ́ọ̀dù Náà Lè Wó, Mo Sì Gbé E Fún Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Kí ẹ tó kà á jìnnà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ lọ sí yàrá tí ọmọ yín ń sùn sí. Ẹ fa gbogbo dúrọ́ọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wá fi ọwọ́ tẹ ti òkè wálẹ̀ díẹ̀. Tí ó bá fì, ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe.

Ẹ ti dé? Ẹ jókòó.

Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń lọ aṣọ. Ọkọ mi ń kun ilé. Mi ò lọ sí ilé ìwé ní kékeré. Ìgbà tí mo lóyún ni mo tó lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àgbà, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé n ó fún ọmọ mi ní oògùn tí mi ò lè ka ohun tó wà lára ìgò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí. Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ló máa ń gba oorun lójú mi.

Ilé ìwé àwọn ọmọdé ni wọ́n ti ń kọ́ wa nírọ̀lẹ́. Àga wọn kéré débi pé orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan àgbọ̀n wa. Tí mo bá wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló máa ń bá mi gbé ọmọ.

Àǹtí ni mo ń pè wọ́n. Aránṣọ ni wọ́n, òkè wa gan-an ni wọ́n sì ń gbé nínú ilé kan náà. Àjà lásán ló wà láàrin wa. Ọkọ wọn ń wa ọkọ̀ ẹrù, ó lè lo oṣù méjì lójú ọ̀nà. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá nílé ọkọ, ọmọbìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyá Àgbà la ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn tó bá ń rìn, bí arúgbó tó ń wo ilẹ̀ rẹ̀.

Àǹtí ò mọ ìwé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka ìwé iná mànàmáná fún wọn láìtàsé, wọ́n jó yí mi ká.

"Akọ̀wé mi!" wọ́n ní. "A ti ní akọ̀wé nílé! Ẹni tó bá tún fẹ́ rẹ́ mi jẹ, ó ti pẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Akọ̀wé. Gbogbo ìwé tó bá wọlé wọn, ọwọ́ mi ló ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí kọ́bọ́ọ̀dù. Funfun ni, ó ga dé èjìká mi, dúrọ́ọ̀ márùn-ún ló wà lára rẹ̀. Ọkọ mi ní ká ra àlòkù, mo ní rárá, ọmọ mi ò ní fi aṣọ rẹ̀ sínú ohun tí ẹlòmíì ti lò. Nínú páálí tó bá a wá, káàdì kan wà pé kí ẹni tó rà á kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, kó fi ránṣẹ́. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Òun ni fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tí mo kọ láyé mi.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Orúkọ mi ló wà lára àpòòwé náà, kì í ṣe ti ọkọ mi. Mo mú un mọ́ àyà kí n tó ṣí i. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́, inú mi ń dùn pé mo ń kà á. Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

Wọ́n ní kọ́bọ́ọ̀dù onídúrọ́ọ̀ márùn-ún tí mo rà lè dojú dé tí ọmọdé bá fà á tàbí tó bá gùn ún. Ó ti ṣe àwọn ọmọ kan léṣe. Kí n má lò ó mọ́. Kí n gbé e kúrò níbi tí ọmọ lè dé. Kí n pè wọ́n, wọn yóò wá gbé e, wọn yóò sì pààrọ̀ rẹ̀. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ni pé: "Ẹ má ṣe tà á, ẹ má sì ṣe fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, tíṣà wa ní kí oníkálukú mú ìwé kan wá láti ilé, kó dà á kọ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà mi ni mo mú lọ. Mo dà á kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tíṣà fi yíǹkì pupa kọ "Ó dára gan-an" sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ déètì.

"Ṣé ẹ ti pè wọ́n?" ó bi mí.

"N ó pè wọ́n lọ́la, mà."

Mo pè wọ́n lóòótọ́. Ọkùnrin kan ní ọkọ̀ wọn yóò dé àdúgbò wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i. Àwọn tó rà á pọ̀, ó ní kí n ṣe sùúrù. Ó ní tó bá jẹ́ pé a lè fi irin dè é mọ́ ògiri, àwọn á fi irin ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá onílé wa ò gbà kí ẹnikẹ́ni kan ìṣó mọ́ ògiri rẹ̀. Ó ti lé ayálégbé kan jáde nítorí àwòrán ìgbéyàwó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Yàrá kan àti pálọ̀ la ní, ọmọ mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di nǹkan mú dìde ni. Ohunkóhun tó bá ti rí, ó fẹ́ fi dìde. Mo kó aṣọ kúrò nínú dúrọ́ọ̀. Mo fi ìborùn mi yí kọ́bọ́ọ̀dù náà ká, mo so ó le. Síbẹ̀ mi ò lè wẹ̀ kí n má sáré jáde wá wò ó.

Ọkọ mi ò mọ̀ nípa lẹ́tà. Mo mọ ohun tó máa sọ: "Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ?" Ó kàn ń wò mí ni. Ó ní, "Bí o ṣe ń ṣọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yìí, ṣé òun lo fẹ́ lọ́kọ ni?"

Ọjọ́ kẹfà ni Àǹtí wọlé wá gbé ọmọ, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé, kí ló ṣe kọ́bọ́ọ̀dù yín tí ẹ fi di ìborùn mọ́ ọn lẹ́nu? Ṣé eyín ló ń dùn ún?"

"Ọmọ yìí ni, Àǹtí. Ó máa ń tú aṣọ."

"Àbí ó ti sú ọ ni? Tó bá ti sú ọ, má fìyà jẹ ẹ́, gbé e wá. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọlé. Mo lè to òwú sí dúrọ́ọ̀ kan, kí n to bọ́tìnnì sí òmíràn. Kí ìwọ gba àpótí mi."

Àpótí wọn, pákó líle ni, ìyá wọn ló ní in tẹ́lẹ̀. Ó fẹ̀, ó sì kúrú, kò ga ju orúnkún lọ. Ọkùnrin méjì ló ń gbé e. Tí ọmọ mẹ́wàá bá gùn ún, kò ní mì.

Ẹ̀yin òǹkàwé, báàgì mi wà lórí àga, lẹ́tà náà wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi lè dé e láìdìde. Mo wo ọmọ mi tó ń rá lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù. Mo wo Ìyá Àgbà tó kó ọwọ́ sẹ́yìn, tó ń bẹ pálọ̀ wa wò. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé: ọmọ ọdún mẹ́ta ti gbọ́n. Kì í fi nǹkan dìde mọ́. Kò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Tí mo bá sọ fún wọn, wọn ò ní gbà á mọ́. Ohun tí mo rò gan-an nìyẹn, mi ò ní fi pamọ́ fún yín.

"Ẹ máa mú un, Àǹtí," ni mo wí.

"Ṣé o ò ní kábàámọ̀?"

"Mi ò ní kábàámọ̀."

Ní ọjọ́ Sátidé, ọkọ mi àti aládùúgbò kan gbé tiwa gòkè, wọ́n gbé tiwọn sọ̀kalẹ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo pe ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n má wá mọ́.

"Níbo ni kọ́bọ́ọ̀dù náà wà báyìí?" ọkùnrin náà bi mí.

"A ti fọ́ ọ, a ti dà á nù."

"Ó dára, ìyá. Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ ká mọ̀."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ya lẹ́tà náà wẹ́wẹ́, mo dà á sínú pàǹtí ilé ìfọṣọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo sùn bí òkú. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé mo sùn.

Kò pé oṣù kan, Àǹtí sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú ìwé pélébé kan. Ilé ìwòsàn ọmọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ti pín in fún wọn. Àwòrán kọ́bọ́ọ̀dù gíga kan wà lórí rẹ̀.

"Akọ̀wé mi, bá mi wo eléyìí. Kò ha jọ kọ́bọ́ọ̀dù mi bí?"

Mo gbà á. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí mi. Ẹ má lò ó mọ́. Ó lè dojú dé.

"Ó jọ ọ́," mo ní.

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

Ẹ wò ó, Ọlọ́run tún fún mi láàyè. Ìlẹ̀kùn tún ṣí gbayawu. Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà bí tíṣà ṣe kọ́ wa, kí wọ́n lè rò pé mò ń kà á, mo ní: "Wọ́n ń polówó rẹ̀ ni. Wọ́n ní ó wà ní funfun, ó wà ní búlúù."

"Búlúù!" Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Kí ni mo fẹ́ fi búlúù ṣe? Funfun tèmi tó mi." Wọ́n ká ìwé náà ní mẹ́rin. Wọ́n ní àwọn á fi sínú dúrọ́ọ̀ òkè, pẹ̀lú òwú, torí àwòrán rẹ̀ wù wọ́n.

Láti ìgbà náà, oorun mi tún dá. Tí mo bá gòkè, ojú mi kì í kúrò lára kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Mo sọ fún Àǹtí nígbà kan pé kí wọ́n má jẹ́ kí Ìyá Àgbà máa ṣeré nítòsí rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ àti ẹ̀rù! Ojoojúmọ́ ni ẹ̀rù ń bí ọmọ tuntun fún ọ."

Ọjọ́ Túsìdeè ni. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti lù díẹ̀. Mi ò lọ síbi iṣẹ́, mò ń lọ aṣọ ọmọ mi nílé. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Àǹtí lókè bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́.

Mo wá gbọ́ dúrọ́ọ̀ kan tó ṣí. Mo mọ ohùn rẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ ni ín. Àǹtí ń mú òwú, mo rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ náà ò dúró.

Dúrọ́ọ̀ kejì ṣí. Ẹ̀kẹta ṣí.

Mo gbé áyọ́ọ̀nù dúró lófuurufú. Tí mo bá fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà, wọn á gbọ́. Tí mo bá pariwo "Àǹtí, kọ́bọ́ọ̀dù!", wọn á yíjú wò ó. Ẹnu mi ti là. Ṣùgbọ́n ohun tó dá mi dúró ni pé: wọn á bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún. Mo ní àyè láti pariwo, mo sì ń ro ohun tí wọ́n máa bi mí.

Àjà wa mì. Ìyẹ̀fun funfun já bọ́ sórí aṣọ tí mò ń lọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà ṣì rán aṣọ díẹ̀ sí i, kó tó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí ké.

Ọwọ́ èmi àti wọn la fi gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lórí ọmọ náà. Ó ti fi àwọn dúrọ́ọ̀ ṣe àtẹ̀gùn. Ribọ́ọ̀nù pupa kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló fẹ́ mú. Kò sunkún. Ìyẹn ló já mi láyà jù.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní egungun itan òsì ti dá sí ọ̀nà méjì. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ gbé ojú sókè.

"Kọ́bọ́ọ̀dù funfun? Onídúrọ́ọ̀ márùn-ún?" ó bi Àǹtí. "Ọmọ kejì nìyí lóṣù yìí. Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ ò gba ìwé tí a pín ni?"

"Mo gbà á," Àǹtí ní. "Ìyàwó àbúrò mi kà á fún mi. Ìpolówó ọjà ni."

Nọ́ọ̀sì já ìwé kan lára ògiri, ó nà án sí wọn. Ìwé náà gan-an ni. Àǹtí ò gbà á. Wọ́n yíjú sí mi. "Ìyàwó mi, tún un kà."

Mo kà á. Mi ò fo ọ̀rọ̀ kan.

Ẹkún gbé mi. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù yẹn, mo sì tún purọ́. "Àǹtí, ẹ dárí jì mí. Ìwé ò tíì yé mi dáadáa nígbà yẹn. Àwòrán ni mo wò, mo rò pé ìpolówó ni."

Ẹ ò mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Wọ́n fà mí dìde. Wọ́n fi ìró wọn nu ojú mi.

"Má sunkún mọ́," wọ́n ní. "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Èmi ni mo gbé ojú mi fún ẹlòmíì lò. Tí Ọlọ́run bá dá ọmọ yìí sí fún mi, èmi náà á lọ kọ́ ìwé."

Ìyá Àgbà lo ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá nínú sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, ẹsẹ̀ òsì ti kúrú ju ọ̀tún lọ. Kò kó ọwọ́ sẹ́yìn mọ́. Ó nílò ọwọ́ kan láti fi di ògiri mú.

Àǹtí sì lọ forúkọ sílẹ̀ lóòótọ́. Tíṣà tuntun ló kọ́ wọn, tèmi ti lọ sí ibòmíràn. Lọ́jọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ dé, ọkọ mi ní, "Mo ti kó àwọn ìwé iṣẹ́ rẹ àtijọ́ fún Àǹtí. Wọ́n fẹ́ máa wo bí o ṣe ń kọ ọ́."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo rẹ̀. Kí lo tún fẹ́ fi ṣe?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Lẹ́tà tí mo ya, mo ti dà á kọ. Ó wà nínú ìwé aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú yíǹkì pupa àti déètì.

Mo sáré gòkè. Àǹtí jókòó síwájú ìwé náà gan-an, wọ́n ti ń wo ojú ewé kẹta.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n gba ìyẹn, mo fẹ́ fi wo nǹkan."

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò," wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀. "Tìrẹ ni mò ń dà kọ. Ojú ewé kan lọ́sẹ̀ kan. N ó lé ọ bá, Akọ̀wé."

Ojú ewé kẹtàdínlógún ni lẹ́tà náà wà.

Oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ ni mo fi mọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ mi máa tú. Mo lè gòkè lọ sọ ọ́ fúnra mi. Mo dé ẹnu ọ̀nà wọn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kan, mo tiẹ̀ kan ìlẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n ṣí i, mo ní mo fẹ́ tọrọ iyọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè kan, wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá, ìwé aláwọ̀ ewé náà lọ́wọ́ wọn. Ọkọ mi wà nílé. Wọ́n jókòó lórí àpótí ìyá wọn, wọ́n ṣí ìwé náà lé itan.

"Àbúrò mi, gbọ́ bí mo ṣe ń kàwé."

Wọ́n ń fi ìka tọ ọ́. Wọ́n ń kà á díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń dúró, wọ́n ń padà sẹ́yìn. "Ẹ... má... lò ó... mọ́." Ọkọ mi kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́. Ó ṣe díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ẹ má... ṣe tà á... ẹ má sì ṣe... fi ta... ẹnikẹ́ni... lọ́rẹ."

Wọ́n ka "Ó dára gan-an." Wọ́n ka déètì.

"Ọjọ́ wo la pààrọ̀ ẹrù?" wọ́n bi ọkọ mi.

Ó sọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló wà láàrin méjèèjì.

Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí. Ì bá sàn. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "O kọ ọ́ dáadáa. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀." Wọ́n gbé ìwé náà sílẹ̀ lórí àpótí, wọ́n sì jáde.

Ọkọ mi ṣì ń gbé pẹ̀lú mi, nítorí ọmọ. Kì í fi ọmọ náà sílẹ̀ fún mi nìkan bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àǹtí ń wá ilé mìíràn. Kí wọ́n tó rí i, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ wọn lórí àjà wa lójoojúmọ́: ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fúyẹ́.

Mo sọ fún ọkọ mi pé kó gbé àpótí náà padà fún wọn. Ó gòkè lọ bi wọ́n. Bébà kékeré kan ni wọ́n fi rán an sí mi. Òun ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Àǹtí kọ láyé wọn. Ìkọ̀wé inú rẹ̀ tóbi, ó sì wọ́:

"Má dá àpótí mi padà. Jẹ́ kí ọmọ rẹ máa lò ó. Kò lè wó."